Ìwé Ẹ̀rí Màmá Mọ́ọ̀pù

Nínú gbogbo ẹni tí ìyàwó mi kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìbímọ, èmi ni mo kọ́kọ́ rọbí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀rí méjì ló fi ìró àtijọ́ dì mọ́ mi níkùn, ó ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀, kí n dẹ èjìká sílẹ̀, kí n máa mí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, irùngbọ̀n mi ti funfun. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ṣe títí àkàbà fi yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, tí mo já bọ́, tí eegun itan mi ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pá ti di ẹsẹ̀ mi kẹta, tí mo sì di ẹni tí a máa ń bá nílé nígbàkúùgbà. Ẹni tí a bá nílé là ń rán níṣẹ́. Ìyàwó mi ń wá aláboyún tí yóò fi kọ́ iṣẹ́. Èmi ló bá nílé.

"Ẹ fa atẹ́gùn sínú láti imú," ló ń wí fún mi. "Ẹ jẹ́ kó jáde láti ẹnu, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná."

"Ìyá Ìbejì, mo ti ń mí láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ mí, Bàbá Ìbejì. Ìrora ń bọ̀."

"Ó ti dé. Inú itan ló wà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹ̀rín.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ bí odò ṣe jìn, etí rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi ló ń fọ ilẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ọdún méjìlélógún ló fi ń fọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kò pè é lórúkọ, Màmá Mọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Kò bínú sí i, ó ní ẹni tí wọn kò bá rí ni wọn kì í fún ní ìnagijẹ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù yẹn, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ọmọbìnrin á dé, á di irin bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, á máa pariwo pé òun ti kú. Àwọn nọ́ọ̀sì ò ráyè; nọ́ọ̀sì méjì, olóyún mẹ́sàn-án. "Dákẹ́ ariwo, ṣé orí rẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí ni?" ni gbogbo ìtùnú tí wọ́n ní. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọmọ náà pé ohun tó ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó sì ní òpin.

Ìyàwó mi mọ ìyẹn dáadáa. Nígbà tó bí àwọn ìbejì wa, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé méjì ni wọ́n. Àkọ́kọ́ jáde, ó ké, ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó rò pé ó parí. Kò pẹ́ ni ìrora tún gbé e. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti dágbére fún mi nínú ọkàn òun, nítorí òun gbà pé ikú ló dé yẹn. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ọmọ kejì ń bọ̀. Kò kàn sọ ọ́ ni. Ó rò pé obìnrin náà mọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti gorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti bá iṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò tíì dárí ji ìdákẹ́ agbẹ̀bí yẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi mọ́ọ̀pù ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí etí ẹni tó ń rọbí: "Ìyàwó, èyí tó ń ṣe ọ́ yìí, kì í ṣe ikú. Yóò gòkè, yóò dé ṣóńṣó, yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Mí pẹ̀lú mi." Ariwo á rọlẹ̀. Òun náà á gbé mọ́ọ̀pù rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Àfi ọjọ́ tí Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ká a mọ́ ọn. Obìnrin náà kò burú o. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni ọrùn ń dùn. Ó pe ìyàwó mi sí ọ́fíìsì.

"Màmá Mọ́ọ̀pù, ta ló ní kí ẹ máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀? Bí ẹ bá ní kó dìde rìn, tó wá ṣubú, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n máa bi ni àbí èmi? Níbo ni ìwé ẹ̀rí yín wà?"

"Mi ò ní ìwé, mà."

"Tí mo bá tún gbọ́ ohùn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibi ìfọṣọ ni mò ń gbé yín lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá mú ìwé wá, èmi fúnra mi ni n ó gbé àga fún yín."

Ìyàwó mi délé lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bọ́ bàtà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́," ló wí. "Ṣé títí tí n ó fi kú ni?"

Ìwé kan wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ìyàwó mi ti nu eruku ara rẹ̀ kó tó dúró kà á. Ẹgbẹ́ kan ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ di olùkọ́ aláboyún. Ẹni tó bá lè kàwé lè wọlé, kì í ṣe dandan kó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni. Wàá ka ìwé, wàá ṣe ìdánwò, wàá jókòó ti obìnrin mẹ́wàá níbi tí wọ́n ti ń rọbí, wàá wá kọ́ kíláàsì kan lójú alábẹ̀wò. Ìgbà méjì péré ni alábẹ̀wò máa ń wá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nígbà méjèèjì, tàbí tí ọdún méjì bá pé lé lórí, kó padà síbi ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kò ní agbára pé kí òun padà síbi ìbẹ̀rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò sọ ọ́.

Ìwé tí wọ́n kó fún un wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ó ń kà á níbi tó ti ń dúró de omi kó hó, ó ń kà á nínú ọkọ̀, ó ń kà á níbi tó ti ń fi aṣọ gbígbóná jó itan mi, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jó orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ kan. Ó ya àwòrán ilé ọmọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìnì. Aládùúgbò wa kan wá yá ìgbálẹ̀, ó dúró wò ó títí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, orí ewúrẹ́ yìí mà dára o. Ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹran ni?"

Ìyàwó mi kò gbójú sókè nínú ìwé. "Ilé tí o gbé fún oṣù mẹ́sàn-án lò ń pè ní orí ewúrẹ́ yẹn."

Títí dòní, aládùúgbò náà kò tíì dá ìgbálẹ̀ wa padà.

Ó yege ìdánwò orí ìwé. Ibi jíjókòó ti obìnrin mẹ́wàá ló ti ṣìṣe. Ẹ rí i, ẹni tó ti ń nu ẹ̀jẹ̀ ìbímọ láti ọdún méjìlélógún, tí wọ́n bá wá ní kó jókòó kó kàn máa wo ìyá, ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ ibi tí yóò wà. Omi ọmọ dà sílẹ̀ lójú rẹ̀; kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú àkísà. Agbẹ̀bí tó yẹ kó bu ọwọ́ lu ìwé fún un kọ̀. "Ilẹ̀ lẹ wò, Màmá, ẹ ò wo ìyá. Ẹ lọ wá òmíràn." Obìnrin mọ́kànlá ló jókòó tì kí wọ́n tó ka mẹ́wàá fún un.

Àṣìṣe yẹn kan náà ló bá a lọ sí kíláàsì. Ó ti mú súẹ́tà mi pupa kan, èyí tó ní ọrùn gígùn, ó fi ṣe ilé ọmọ. Inú súẹ́tà ni ọmọ wà, ọrùn rẹ̀ tó fún ni ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n á gbé bèbí sínú rẹ̀, wọ́n á máa fi orí bèbí ti ọrùn súẹ́tà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi là, kí ojú aláboyún lè rí i pé ohun tó ń fẹ̀ kò tíì ya. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò kọ́kọ́ wá, ó gbé súẹ́tà fún ọmọbìnrin kan pé kó gbìyànjú. Ọmọ náà ń tijú, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra. Ìyàwó mi ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n fi hàn ọ́." Ó fi hàn án. Ó fi han ẹnìkejì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bá wọn mí, ó ti bá wọn ka ìṣẹ́jú, ó sì ti bá wọn dáhùn ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ bi wọ́n.

Alábẹ̀wò náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, tó ń fi pẹ́ńsù kọ̀wé, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ó dúró títí àwọn èèyàn fi lọ tán.

"Màmá," ó ní, "gbogbo ọmọ inú kíláàsì yìí, ẹ̀yin lẹ bí wọn. Àwọn ìyá wọn wá wòran ni. Lọ́jọ́ tí ìrọbí bá dé, ṣé ẹ̀yin lẹ ó lọ bá wọn rọ ọ́?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yege. Ó ku ìgbà kan. Ó ku oṣù mẹ́ta kí ọdún méjì pé.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà mo ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún wá, kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń bá wí." Ibi tí ìrọ̀rí méjì àti ìró àtijọ́ ti wá nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń rọbí ní pálọ̀, òun á dúró níwájú mi, ọwọ́ lẹ́yìn, á máa kọ́ mi láìfi ọwọ́ kàn mí. Nígbà míì, á máa tòògbé lórí ìdúró. Èmi aláboyún ni n ó wá sọ pé, "Ìyá Ìbejì, ọmọ ti jáde o, ẹ lọ jókòó."

Àárẹ̀ tó wà lára obìnrin yìí, ká ní ẹ gbé e ti ògiri ni, ògiri á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Aago mẹ́rin ni kíláàsì. Ó yẹ kó kúrò níbi iṣẹ́ ní aago méjìlá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ wọ́ọ̀dù kejì kò wá, wọ́n ní kó bá wọn fọ ìyẹn náà. Aago mẹ́ta kọjá kó tó wọlé. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn, kò jókòó.

"Fìdí lé àga díẹ̀," mo ní.

"Tí mo bá fìdí lé e, ẹ̀yin àti ọ̀pá yín lẹ máa gbé mi dìde."

Mo gbé báàgì tí súẹ́tà, bèbí àti fúláàsì yìnyín wà nínú rẹ̀ kọ́ èjìká, mo tẹ̀lé e bí mo ṣe máa ń ṣe. Yàrá tí ẹgbẹ́ náà yá wà lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún ni wọ́n ń gùn débẹ̀. Mo kà wọ́n, itan mi náà kà wọ́n.

Olóyún mẹ́fà ló wá, ọkọ mẹ́rin ló tẹ̀lé wọn. Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú wọn kò pọ̀. Aránṣọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọkọ rẹ̀ ń lẹ táyà ní ìkòríta. Ọmọbìnrin kan náà wà tó ń ta káàdì fóònù, oyún àkọ́kọ́ ló gbé, ó máa ń dá wá ni, n kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti ń bọ̀. Alábẹ̀wò ti wà ní igun, ó ti gbẹ́ pẹ́ńsù. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn ìyàwó mi, pẹ̀lú báàgì.

Ìyàwó mi gbé súẹ́tà pupa sí àárín wọn, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màmá," ni alẹ́táyà wí, "ọrùn súẹ́tà yìí ò ní ya báyìí? Torí táyà tó bá fẹ̀ jù..."

"Ẹ gbọ́ o!" ni aránṣọ wí. "Ṣé èmi wá dà bíi táyà lójú yín?"

"Mi ò pè ọ́ ní táyà. Mo ní o ń gba atẹ́gùn dáadáa ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò tẹ orí ba, bóyá ó ń kọ̀wé ni, bóyá kò fẹ́ ká rí eyín òun.

Súẹ́tà dé ọwọ́ ọmọ tó ń ta káàdì. Ó ti orí bèbí síwájú, ó padà sẹ́yìn; ó tún tì í, ó tún padà. Ẹ̀yìn ìyàwó mi ni mo wà, ìka rẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n ń lọ́ mọ́ ara wọn bí ejò inú àpò. Mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún fẹ́ jáde, tí ti òsì rọ̀ mọ́ ọn. Kò gba súẹ́tà náà. Ohun tó sọ kò ju, "Máa mí. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ." Ó pẹ́, ó pẹ́ débi pé alẹ́táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ìgbà tó yá ni orí bèbí yọ lọ́rùn súẹ́tà, irun rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ jáde.

"Ó ti jáde," ni ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ nìyẹn.

Mo sọ nínú ọkàn mi pé ó ti yege. Ẹni tó ń yọ̀ kó tó délé, kò rántí pé ọ̀nà ṣì kù.

Ìdẹra ló kàn. Àwọn aláboyún dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n lè rí bó ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nínú ìwé nìyẹn. Ìyàwó mi dùbúlẹ̀. Láti aago márùn-ún ìdájí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ pa ojú dé," ló wí. "Ẹ dẹ iwájú orí. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n wálẹ̀. Ẹ dẹ èjìká, ẹrù tó wà níbẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ dẹ ọwọ́... dé ìka... Ẹ dẹ ìbàdí... Ẹ dẹ itan..."

Ó dákẹ́.

Àwọn yòókù rò pé ara ẹ̀kọ́ ni ìdákẹ́ náà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti sùn ti obìnrin yìí fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo gbọ́ fèrè kékeré kan nínú imú rẹ̀. Ìyàwó mi ti sùn. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀; ọjọ́ yẹn ni mo rí ọ̀bẹ tó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ tó tún kọjá bẹ́ẹ̀.

Mo kó ikọ́ jọ sí ọ̀fun. Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ, ìyàwó mi kì í sì í ṣe apirọrọ. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, alábẹ̀wò na pẹ́ńsù sí mi láti igun. Pẹ́ńsù nìkan ni, ó nà án bí ẹni ń sọ fún ajá pé jókòó. Mo gbé ikọ́ mi mì. Mo wo aago ara ògiri: márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú.

Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Aránṣọ la ojú kan. "Ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé Màmá ti sùn ni?"

"Sùn kẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Wọ́n ń fi hàn wá ni."

"Ṣé fèrè náà wà nínú ẹ̀kọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́, ẹnì kan pa á mọ́ ẹnu. Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn kan tó rọra jáde láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohùn tí a kò gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ rí. "Ẹ dẹ orúnkún," ni ọmọ tó ń ta káàdì wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídé. "Ẹ dẹ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ dẹ ìka ẹsẹ̀. Ẹ mí sínú láti imú."

Wọ́n mí. Gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà ni iṣan ẹsẹ̀ fa aránṣọ. Ó ké "Yéè!", ó ká ara rẹ̀ kò. Alẹ́táyà kò pe Màmá. Ó gbá àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mú, ó tì í sókè sí ọ̀dọ̀ ojúgun bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ń bá a ka mímí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Iṣan náà tú. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ tó kù wo ìwé ètò kíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó rí i pé yìnyín ló kàn, ó wá yọ́ rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó gba fúláàsì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé aláboyún á di yìnyín mú, á máa mí títí ìṣẹ́jú kan yóò fi pé, kí ara lè kọ́ bí a ṣe ń bá ohun tó ń dunni jókòó. Wọ́n pín in fún ara wọn. Wọ́n ń mí, omi ń kán láti ọwọ́ wọn, kò sẹ́ni tó pariwo. Ìyàwó kan bọ́ ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo ìyàwó mi lẹ́sẹ̀.

Mo ti bá wọn kọ́ ilé púpọ̀ láyé mi. Ọjọ́ tí ọ̀gá kò sí níbi iṣẹ́ ni a máa ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Yìnyín kan ló bọ́ sínú àwo irin tí ìyàwó mi fi jí. Ó dìde jókòó wúyá. Ó wo àwọn olóyún, ó wo ọwọ́ wọn tó tutù, ó wo aago. N kò ní gbàgbé ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí àkàbà yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ ni. Mo mọ ojú náà.

"Ìṣẹ́jú mélòó?" ló bi wá.

Alẹ́táyà ló kọ́kọ́ rí ẹnu. "Màmá, ẹ ò sùn o. Ẹ kàn pa ojú dé díẹ̀ ni."

"Ojú ta ló rí ẹni tó sùn?" ni aránṣọ wí. "Ṣebí ìdẹra la ń kọ́? Tiwọn kàn dẹ ju tiwa lọ ni."

Ìyàwó mi gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má purọ́ nítorí mi, àwọn tó wà nínú ikùn yín ń gbọ́." Ó yíjú sí igun. "Mo sùn, mà. Àtìdájí ni mo ti ń fọ ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́," ni alábẹ̀wò wí.

Ìyàwó mi parí kíláàsì náà lórí ìdúró, ọwọ́ lẹ́yìn. Àwọn èèyàn dágbére, wọ́n ń kí i lọ́nà tí wọ́n fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Alábẹ̀wò kó ìwé rẹ̀, ó ní wọn yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún délé gbà wá tó wákàtí kan. Èmi ń fa ẹsẹ̀, òun ń fa gbogbo ara. "Bàbá Ìbejì," ó ní nígbà tó yá, "kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù fún un.

"Nítorí pẹ́ńsù?"

"Ká ní o rí bó ṣe nà án ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di ẹkún, kò wá jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀. Mo jẹ́ kó gbé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà kò dé. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ó ti yọ àwòrán ilé ọmọ kúrò lára ògiri kíṣìnì. Mo gbọ́ pé ó ń fọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn tó ń rọbí kíákíá, kò gbójú sókè, kí ẹnu rẹ̀ má baà tú.

Ọjọ́ tó dé, èmi ni mo kà á fún un, torí ó ní ojú òun kò ríran. Alábẹ̀wò kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò níbẹ̀ náà. *Olùkọ́ sùn fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kíláàsì kò dúró. Ìbéèrè tí ìwé wa ní kí n dáhùn ni pé, ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè dá a ṣe nígbà tí olùkọ́ kò bá sí lọ́dọ̀ wọn? N kò rí kíláàsì tó dáhùn ìbéèrè yìí tó báyìí rí. Ó yege.* Ó wá fa ìlà sábẹ́ ìyókù: *Kí ó máa kọ́ ìdẹra lórí ìjókòó. Kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ nínú kíláàsì mọ́.* Ìwé ẹ̀rí náà wà lẹ́yìn lẹ́tà, páálí rẹ̀ le, èdìdì sì wà lára rẹ̀.

Mo rò pé yóò hó. Ó gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó sùn. Mo mú ìró àtijọ́ tí mo fi ń lóyún, mo fi bò ó.

Ó mú un lọ fún Mátírọ́ọ̀nù ní ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀rá wé e kí omi má baà kàn án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, bó ṣe sọ ọ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ni mo ń sọ fún yín. Mátírọ́ọ̀nù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó wọ ọ́fíìsì, ó gbé àga tirẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan tí ọmọbìnrin kan ti ń ké.

"Màmá," ó ní. Kò fi Mọ́ọ̀pù kún un. "Àga yín rèé."

"Ẹ ṣeun, mà. Ta ló wá máa fọ ilẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán."

Ìyàwó mi ní òun wo àga náà dáadáa. Ó ní tìmùtìmù, ó ní ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé. Ó mọ ara rẹ̀; ó mọ̀ pé bí òun bá fìdí lé e, fèrè á bẹ̀rẹ̀. Ó fi àga sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé mọ́ọ̀pù dúró ṣánṣán sínú garawa, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ igi rẹ̀ kó má baà ṣubú, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí ọmọ náà.

"Ìyàwó," ó ní, "èyí tó ń ṣe ọ́ yìí, kì í ṣe ikú."